Ògiri Amọ̀, Ẹ̀wù Sìmẹ́ǹtì: Bí A Ṣe Lè Tún Ilé Àtijọ́ Ìwó Ṣe Kó sì Tutù

 

Ẹni tó bá ti Odò-Orí ní Ìwó gba ẹ̀yìn ọjà wọ àwọn agbo ilé àtijọ́ nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá yóò rí ohun kan náà láti ojúlé dé ojúlé. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri ti ṣí ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, ó ti já sílẹ̀. Bí ẹ bá yí ọ̀kan nínú àwọn pẹlẹbẹ náà padà, ẹ ó rí amọ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ara ògiri gan-an ni sìmẹ́ǹtì náà fà ya bọ́ sílẹ̀. Ní ẹsẹ̀ ògiri, amọ̀ ti rà, ó ti jẹ wọ inú. Onílé á ní ilé ti gbó. Á ra àpò sìmẹ́ǹtì mélòó kan, á pe bíríkìlà, wọ́n á tún un rẹ́. Òjò ọdún méjì kò ní í rọ̀ tán kó tó tún ṣí.

Ọ̀rọ̀ tí mo ní í sọ kò pọ̀. Ilé náà kò gbó. Àtúnṣe tí à ń ṣe sí i ló ń pa á. Ògiri amọ̀ tó ti dúró láti ayé bàbá ńlá wa kì í ṣàdédé di ọ̀lẹ. Omi la há mọ́ ọn nínú. Bákan náà, ooru tó ń lé wa jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lóru kì í sábà ti ara ògiri wá, òkè orí wa ló ti ń wá. Ibi tí owó àtúnṣe ń lọ kọ́ ló yẹ kó máa lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn ilé wọ̀nyí. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ nítòsí, wọ́n da omi sí i, wọ́n fi ẹsẹ̀ gún un, wọ́n fi í sílẹ̀ sùn, wọ́n tún gún un lọ́jọ́ kejì títí ẹrẹ̀ á fi dán. Ọ̀wẹ̀ ni iṣẹ́ náà, ọ̀gbẹlẹ̀ sì ni àsìkò rẹ̀. Wọ́n á mọ ògiri dé ìwọ̀n orúnkún tàbí kó ga díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á dúró kó gbẹ kí wọ́n tó gbé ìpele mìíràn lé e. Sùúrù yẹn wà nínú agbára ògiri náà. Ògiri nípọn, ó lé ní ẹsẹ̀ bàtà kan dáadáa, etí òrùlé sì yọ síta gan-an kí òjò má baà rí ara ògiri nà.

Lẹ́yìn èyí ni rírẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ọwọ́ àwọn obìnrin niṣẹ́ náà wà. Iyẹ̀pẹ̀ kíkúnná, iyanrìn díẹ̀, ìgbẹ́ màlúù níbi tí wọ́n bá ti rí i. Ní ilẹ̀ Haúsá títí dòní, wọ́n máa ń rẹ èèpo èso igi irú sínú omi, wọ́n á fi omi náà po amọ̀ ìrẹ́lé tàbí kí wọ́n wọ́n ọn sí ara ògiri, kí òjò má tètè fọ̀ ọ́. Makuba ni wọ́n ń pè é. Ní Ilé-Ifẹ̀, ìran àwọn obìnrin kan ló ń kun ògiri ojúbọ Òrìṣàikirè, ọdọọdún ni wọ́n sì ń tún un kùn nígbà ọdún òrìṣà náà. Kí ẹ fi ọkàn sí ohun tó wà nídìí àṣà yìí: ohun tí wọ́n fi rẹ́ ògiri kò le ju ògiri lọ. Òun ni òjò ń jẹ, òun ni oòrùn ń là, òun náà ni wọ́n ń pààrọ̀ lọ́dọọdún. Ògiri tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Báwo wá ni sìmẹ́ǹtì ṣe gba ipò amọ̀? Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ẹrù òkè òkun sì ń bá a wọ àárín ilẹ̀ wa. Páànù lé koríko bẹẹrẹ kúrò lórí ilé. Sìmẹ́ǹtì kọ́kọ́ jẹ́ ti ìjọba, ti ìjọ àti ti olówó. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Nkalagu bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1957, tí ti Ewékorò ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá sì tẹ̀ lé e ní 1960, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé mẹ̀kúnnù. Olówó kòkó àti oníṣòwò aṣọ ń fi í ṣe ọ̀ṣọ́ sí ojú pẹ́tẹ́ẹ̀sì, wọ́n ń mọ òdòdó àti òpó bíi tàwọn Àgùdà Èkó. Aládùúgbò tí kò lágbára pẹ́tẹ́ẹ̀sì rẹ́ ilé ilẹ̀ tirẹ̀ kí ó lè dà bí ilé búlọ́ọ̀kù.

N kò bá àwọn bàbá wa wí rárá. Àwọn ọmọ ti lọ sílé ìwé, àwọn ọ̀dọ́ ti lọ sí Èkó àti Gánà, ọ̀wẹ̀ ti dín kù, ta ni yóò máa gún ẹrẹ̀ lọ́dọọdún? Ẹni tó bá sọ fún obìnrin tó ń dá ilé ńlá rẹ́ pé nǹkan kan wà tí a óò fi rẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan tí a ò ní í padà síbẹ̀ mọ́, ìròyìn ayọ̀ ló mú wá. Ìlérí yẹn ni kò ṣẹ.

Ìdí tí kò fi ṣẹ rèé. Ògiri amọ̀ máa ń fa omi, ó sì máa ń tu ú jáde. Bí ó bá mu omi, ó wú díẹ̀. Bí ó bá gbẹ, ó sún kì. Sìmẹ́ǹtì tó gan kì í bá a wú, kì í bá a sún kì. Nítorí náà àwọn méjèèjì kì í di ara wọn mú pẹ́. Àwọn bíríkìlà wa mọ èyí látilẹ̀wá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kan ìṣó àti ìdérí ìgò mọ́ ara ògiri kí sìmẹ́ǹtì lè rí nǹkan dì mọ́. Ìṣó dípẹtà, ìdérí ìgò dípẹtà, sìmẹ́ǹtì sán. Omi òjò gba ojú sísán wọlé. Ìbá jẹ́ pé amọ̀ ni wọ́n fi rẹ́ ẹ, oòrùn ọjọ́ kejì ìbá fa omi náà jáde. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì kò jẹ́ kó jáde bó ṣe wọlé. Omi ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ògiri lábẹ́ ẹ̀wù líle yẹn títí ó fi dé ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ló jókòó sí.

Omi ilẹ̀ náà ń gòkè pàdé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa sì ti fi ọwọ́ ara wa mú un gòkè. A da kọ́ńkéré yí ẹsẹ̀ ilé ká kí àyíká lè mọ́. Ilẹ̀ abẹ́ kọ́ńkéré kò rójú mí, ọ̀rinrin rẹ̀ kò rí ọ̀nà mìíràn gbà ju inú ògiri lọ. Ibòmíràn, wọ́n ti tún ọ̀nà ṣe léraléra títí ojú títì fi ga ju ilẹ̀ ilé lọ, àgbàrá wá ń ya wọ agbo ilé. Ikán fẹ́ràn ọ̀rinrin bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ti ń rí ọ̀nà ikán lára ògiri, ẹ yẹ omi wò kí ẹ tó ra oògùn.

Kì í ṣe Ìwó nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní Ranchos de Taos, ní ìpínlẹ̀ New Mexico ní Amẹ́ríkà, ṣọ́ọ̀ṣì amọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní San Francisco de Asís. Ọdọọdún ni àwọn ọmọ ìjọ ń fi amọ̀ rẹ́ ẹ. Ní 1967, wọ́n pinnu láti sinmi, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì bò ó. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé omi ti há sínú ògiri, amọ̀ sì ń rà lábẹ́ sìmẹ́ǹtì. Ní 1979, wọ́n ṣí gbogbo sìmẹ́ǹtì náà dànù, wọ́n padà sí amọ̀, ìjọ náà sì tún ń péjọ láti fi ọwọ́ ara wọn rẹ́ ilé wọn. Ní ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Devon, ilé amọ̀ pọ̀ gan-an, àwọn mìíràn ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Àwọn tó ń tọ́jú wọn níbẹ̀ mọ̀ pé ibi tí wọ́n bá ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ irú ilé bẹ́ẹ̀, ògiri lè wó lójijì láìfi àmì kankan hàn lóde, nítorí pé inú ló ti ń bàjẹ́. Ní Djenné, ní orílẹ̀-èdè Mali, mọ́ṣáláṣí ńlá tí wọ́n kọ́ ní 1907 ṣì dúró. Amọ̀ ni látòkè délẹ̀, gbogbo ìlú ló sì ń jáde rẹ́ ẹ lọ́dọọdún, bí ẹni ń ṣọdún. Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ nínú wa níhìn-ín. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ fún wa pé amọ̀ kò yẹ ilé Ọlọ́run, áḿbọ̀sì ilé tiwa.

Nísinsìnyí, iṣẹ́ náà gan-an. Bí ó bá jẹ́ èmi ni wọ́n pè sí agbo ilé, n kò ní í mú tírówẹ̀lì dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Inú òjò ni n óò lọ. N óò dúró wo ibi tí omi ń gbà: ibi tí páànù ti jò, ibi tí etí òrùlé kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀wààrà ń na ògiri, ibi tí omi ti ń bọ́ sílẹ̀ tó sì ń ta padà sí ẹsẹ̀ ògiri, ibi tí gọ́tà ti dí. Àwọn wọ̀nyí la ó kọ́kọ́ tún ṣe. Káfíńtà ló máa ń ṣáájú bíríkìlà nínú irú iṣẹ́ yìí. Kó fa etí òrùlé síta tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Kí a gé kọ́ńkéré tó wà ní ẹsẹ̀ ilé kúrò, ó kéré tán ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì sí ògiri, kí ilẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ilé, kí a sì da òkúta wẹ́wẹ́ síbẹ̀ kí omi tó bá bọ́ má ta ẹrẹ̀ sókè. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ju èyí lọ, kó ṣe é kó dúró níbẹ̀. Ó sàn ju kó rẹ́ gbogbo ilé kó sì fi omi sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni kí a fi ìka gbá ògiri láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tó bá dún kò-kò-kò, sìmẹ́ǹtì ibẹ̀ ti fi ògiri sílẹ̀, ẹ fi ẹ̀sọ̀ ṣí i. Ibi tó bá ṣì dì mú dáadáa, ẹ má fi òòlù fọ́ ọ. Mo ti rí àwọn tó fi ìtara wó ògiri tó dára nítorí wọ́n gbọ́ pé sìmẹ́ǹtì kò dára. Àfi ní ìsàlẹ̀: kódà níbi tí ó ṣì dì mú, ẹ rọra ṣí ìwọ̀n mítà kan tó sún mọ́ ilẹ̀, kí ògiri lè rí ibi tu omi jáde.

Àsìkò ńkọ́? Ní Ìwó, òjò máa ń lọ lóṣù kẹwàá. Ẹ ṣí sìmẹ́ǹtì tó ti kú ní oṣù kọkànlá, kí ẹ sì jẹ́ kí ọyẹ́ gbẹ ògiri fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má ṣe rẹ́ ẹ nínú ọyẹ́, nítorí afẹ́fẹ́ náà yóò fa omi inú amọ̀ tútù kíákíá, yóò sì sán. Oṣù kejì sí ìkẹta ló dára jù, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé.

Ihò tó bá jìn ju ìka ọwọ́ lọ, ẹ má fi ẹrẹ̀ tútù kún un lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹrẹ̀ púpọ̀ yóò sún kì, yóò fi àlàfo sílẹ̀ láàárín òun àti ògiri. Ẹ mọ bíríkì amọ̀ kéékèèké, ẹ sá a gbẹ, kí ẹ wá fi ẹrẹ̀ mọ ọ́n sínú ihò náà. Amọ̀ ògiri tó ti wó sílẹ̀ ni ó dára jù fún un. Ẹ má kó o dà nù. Ẹ fọ́ ọ, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ yọ sìmẹ́ǹtì inú rẹ̀ kúrò, ẹ rẹ ẹ́ sómi. Iyẹ̀pẹ̀ ilé náà ni, yóò wú bí ògiri bá wú, yóò sún kì bí ògiri bá sún kì.

Fún rírẹ́, kò sí ẹni tó lè jókòó síbí sọ ìwọ̀n tó bá gbogbo ilé mu, torí pé iyẹ̀pẹ̀ kò dọ́gba. Àdánwò ló ń sọ ọ́. Ẹ yan ibi kan lára ògiri tí kò hàn sí gbangba. Ẹ po garawa iyẹ̀pẹ̀ kan pẹ̀lú garawa iyanrìn kan, kan pẹ̀lú méjì, kan pẹ̀lú mẹ́ta, kí ẹ fi koríko gbígbẹ tí a gé kéékèèké sí gbogbo wọn, kí ẹ rẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ojú tó fẹ̀ tó atẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, èyí tó bá sán, amọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù. Èyí tó bá ń rún lọ́wọ́ yín, iyanrìn rẹ̀ ti pọ̀ jù. Èyí tó bá gbẹ láìsán tí kò sì rún ni tiyín. Kí ẹ tó rẹ́ ẹ, ẹ wọ́n omi sí ògiri, kó tutù ṣùgbọ́n kí omi má ṣàn. Ìpele àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ nípọn ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ, ẹ ha ojú rẹ̀ kí ìpele kejì lè rí ibi dì mú. Ìpele kejì kí ó fẹ́lẹ́. Ọwọ́ lásán dára ju irin lọ nínú rírẹ́ ìparí yìí, ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà yòówù tó bá ti ṣe é rí. Ọ̀dà olóròóró kò yẹ lórí rẹ̀, òun náà yóò há omi mọ́ ọn. Ẹfun tàbí amọ̀ aláwọ̀ ni kí ẹ fi kùn ún.

Ẹnì kan yóò bi mí pé ṣé a ò lè fi sìmẹ́ǹtì díẹ̀ sí amọ̀ náà ni. Àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èrò tèmi ni pé kí a má ṣe é ní mítà kan ìsàlẹ̀ ilé láéláé, torí ibẹ̀ ni omi ń gbà jáde.

Ọ̀rọ̀ ooru ló kù. Ògiri amọ̀ tó nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà kan kì í tètè jẹ́ kí oòrùn ọ̀sán wọlé. Ooru náà yóò lo bíi wákàtí mẹ́jọ kó tó la ògiri náà kọjá, nígbà yẹn ilẹ̀ ti ṣú, afẹ́fẹ́ sì ti tutù. Ògiri búlọ́ọ̀kù sẹ̀ǹtímítà 15 kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ẹni tó ń gbé ilé amọ̀ kò nílò láti fi ohunkóhun bo ògiri rẹ̀ nítorí ooru. Fóòmù tí àwọn kan ń lẹ̀ mọ́ ògiri yóò há omi mọ́ ọn bíi ti sìmẹ́ǹtì, bí iná bá sì mú un, èéfín rẹ̀ ń pani. Àwọn èèyàn wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò gbàgbé ilé gíga Grenfell. Ohun tí wọ́n fi bo ara ilé náà láti òde ló jẹ́ kí iná gba gbogbo rẹ̀ ní 14 oṣù kẹfà 2017, ẹni 72 sì kú.

Páànù ni ooru ń bá wọlé. Ní ọ̀sán ọ̀gbẹlẹ̀, páànù dúdú tó ti dípẹtà lè gbóná kọjá ìwọ̀n 60 ti Celsius, ó sì ń rọ ooru náà sí orí ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn bàbá wa ní ìdáhùn sí èyí kí páànù tó dé: àjà amọ̀. Wọ́n á to igi ọ̀pẹ tàbí igi líle sórí ògiri, wọ́n á tẹ́ ọparun tàbí pákó lé e, wọ́n á wá fi amọ̀ nípọn bò ó. Bí koríko òrùlé bá gbiná, iná yóò jó lókè, ẹrù inú yàrá kò ní í jó. Lọ́jọ́ gbogbo, àjà yìí ló ń gba ooru dúró. Nígbà tí páànù dé, ọ̀pọ̀ nínú wa wó àjà kúrò nítorí eku àti ikán, a fi pákó fẹ́lẹ́ tàbí ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì rọ́pò rẹ̀. Ohun tó ń dáàbò bò wá la wó.

Mo gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ lórí ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì. Bí sílíìnì ilé yín bá jẹ́ páálí funfun líle tí wọ́n kàn ní nǹkan bí ọdún 1960 sí 1990, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun. Bí ó bá wà lódindi, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi ayùn gé e, ẹ má fọ́ ọ, ẹ má gbá eruku rẹ̀ ní gbígbẹ, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọdé fi àfọ́kù rẹ̀ ṣeré. Eruku rẹ̀ ń fa àrùn jẹjẹrẹ, ó sì lè jẹ́ lẹ́yìn ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún kó tó farahàn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin de gbogbo irú rẹ̀ láti 1999. Bí ó bá ti ń fọ́, ẹ fi omi rin ín kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ fi ìbòmú tí a ṣe fún irú eruku yìí bo imú àti ẹnu, aṣọ lásán kò tó, ẹ wé e sínú ọ̀rá, kí ẹ sì sin ín jìnnà sí omi.

Ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a, kó dá àjà padà. Kì í ṣe gbogbo igi òrùlé ló lè gbé e: amọ̀ tó nípọn sẹ̀ǹtímítà márùn-ún wúwo tó kílò 80 lórí mítà kan níbùú àti lóròó. Nítorí náà kí káfíńtà yẹ igi wò, kí koríko inú amọ̀ náà sì pọ̀ dáadáa kó lè fúyẹ́. Èyí tó rọrùn jù ni kí a kun páànù ní funfun lókè, kó lè dá oòrùn padà, kí a sì la ojú ihò sí igun méjèèjì òrùlé kí afẹ́fẹ́ gbígbóná lè jáde. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì dí ojú ihò náà nítorí àdán. Àwọn kan ń ta bébà dídán tí wọ́n ń nà sábẹ́ páànù; ó ṣiṣẹ́, bí àyè afẹ́fẹ́ bá wà láàárín ojú rẹ̀ tó ń dán àti sílíìnì. Bí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ra pẹ́kípẹ́kí, owó ló bá lọ.

Ògiri tó ti dagẹ̀rẹ̀, tàbí tó ti là láti òkè délẹ̀ tí ojú lílà náà sì ń fẹ̀ sí i, kì í ṣe ọ̀rọ̀ rírẹ́ mọ́. Ẹ fi igi ti í, ẹ kó àwọn tó ń sùn níbẹ̀ kúrò, kí ẹ pe ẹni tó mọ̀ nípa ilé kíkọ́ kí òjò tó dé.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí ẹ̀yin mọ́gàjí àti sí Yunifásítì Bowen tó wà nílùú wa, tó ti ń gba akẹ́kọ̀ọ́ láti 2002. Kí agbo ilé kan yọ̀ǹda yàrá méjì, ọ̀kan tó ní àjà amọ̀ àti ọ̀kan tí kò ní, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi òṣùwọ̀n ooru sínú méjèèjì láti oṣù kejì sí ìkẹrin, kí wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀ lówùúrọ̀, lọ́sàn-án àti lóru. Kí wọ́n kọ iye tí iṣẹ́ náà ná agbo ilé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí a ka àbájáde náà níbi ìpàdé ẹbí, lédè Yorùbá, níwájú àwọn tó ń fi owó ránṣẹ́ láti Èkó àti láti òkè òkun, kí wọ́n tó ra àpò sìmẹ́ǹtì mìíràn.